Ìkarahun

Ṣòkòtò ló gbé wá, Ọ̀gbẹ́ni Lín,
òṣìṣẹ́ rélùweè láti Mọ́níyà,
pé kí n bá òun gé e kúrú ní ìka méjì.
Òjò ń pa páànù Mọ́kọ́lá
bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú agolo.
Kí n tó rí teèpù,
ojú rẹ̀ ti gun ògiri,
ó ti rí èmi ọmọ ogún ọdún nínú fọ́tò:
aṣọ funfun, bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé,
ìkúùkù méjèèjì níwájú àyà.

Kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà,
ó yí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ sínú, ó mí,
ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta
láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti àpò àkísà.

Mo mọ ìrìn yẹn.
Mo ti rìn ín títí ẹsẹ̀ mi fi le
lórí símẹ́ńtì gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan l'Ókè-Bọ́là,
tí Ọ̀gá Ọlátẹ́jú ń gbá wa léjìká
bí ẹni ń dán ògiri tuntun wò.
Sáńṣín la pè é.
Ohun kan ló yàtọ̀:
àwa di ìkúùkù,
ọwọ́ tirẹ̀ ṣí sílẹ̀
bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ?”
(Òyìnbó tá a jọ ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni.)
“Bàbá bàbá mi, ní Fújíàn.”

Ọ̀gá ti sọ ọ́ fún wa rí, a ò fetí sí i;
ẹ̀ṣẹ́ la wá kọ́, a ò wá kọ́ ìtàn.
Ó ní erékùṣù kékeré kan ni Okináwà,
ọkọ̀ wọn a máa gbé imí-ọjọ́ lọ sí Ṣáínà,
a máa kó ṣẹ́dà bọ̀,
pẹ̀lú ẹrù mìíràn tí aṣọ́bodè kò lè tú wò:
èémí kan,
ìṣísẹ̀ mẹ́ta,
bí ẹyẹ kan tó jọ lékeléke ṣe ń na apá.

“Ọwọ́ Ṣáínà” ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà.
Ó pẹ́, Jàpáànù kọjú ogun sí Ṣáínà,
wọ́n pa Ṣáínà rẹ́, wọ́n kọ “òfìfo” dípò.
Ohùn kò yí: kara ni tàkọ́kọ́, kara ni tìkejì.
Àwa tí à ń fi ohùn sọ ọkọ di ọkọ́,
tí à ń fi sọ ọkọ́ di ọ̀kọ̀,
ẹnu yà wá:
gègé ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, etí kò gbọ́.

Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì kọ méjèèjì sójú bọ́ọ̀dù,
ó fọwọ́ nu ọ̀kan,
ó na àtẹ́lẹwọ́ sí wa:
“Ẹ wò ó. Ẹfun rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.”

Èdè wọn kò bá tiwa tan, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni mí;
tí wọ́n bá ti ní kara,
ìkarahun ló ń dún létí mi,
ti àwọn tó jẹ ìgbín lórí òkè
tí wọ́n sì fi ilé rẹ̀ mu ẹ̀kọ.
Ìgbín ti lọ, ilé ṣófo, ẹ̀kọ kún un;
ẹni tó mu ún á ṣì tọ́ ìgbín wò.

Ọ̀gbẹ́ni Lín ní kí n ṣí ọwọ́.
Mo ṣí i. Ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún
láti ọdún yìí wá ń gbọ̀n.
Mo ní kí òun náà di tirẹ̀.
Ó dì í, ó rẹ́rìn-ín,
bí ẹni tó wọ bàtà aládùúgbò.
A jọ rìn ín, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́,
títí tábìlì fi dá wa padà.

Òjò dá. Mo mú sísọ́ọ̀sì.
Ọkàn mi ò sí nílé:
ìka mẹ́rin ni mo gé, dípò méjì.
Ọjọ́bọ̀ ló padà wá,
ó wọ̀ ọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ síta gbangba,
kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.
Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.