Onídòjé

Mo gbé ewé kùkúńbà sókè láti wá èso,
ewé kan yíjú, ó wò mí.
Ewé wo ló lójú?
Ewé wo ló ń yí ọrùn bí arúgbó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn?
Mo ní, "Áà, o ti dé. O pẹ́ lọ́dún yìí."

Àwọn kan láyé ń pè é ní agbàdúrà,
nítorí bó ti pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà.
Níhìn-ín ní Nígátà, a ti fọwọ́ gé ìrẹsì tipẹ́;
dòjé la rí lọ́wọ́ ẹ̀, dòjé la fi sọ ọ́ lórúkọ.
Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.
Mo ti rí i tó dúró jẹ́ẹ́ láti àárọ̀ dọ́sàn-án,
mo ní bóyá àdúrà ni lóòótọ́.
Kí n tó ṣẹ́jú, oyin kan ti há sí i lọ́wọ́,
ó ń jẹ ẹ́ láti orí wá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jẹ àgbàdo.
Àmín tiẹ̀ nìyẹn.

Ọgbà mi ò tó nǹkan:
ebè kábéèjì mẹ́ta, tòmátì díẹ̀,
igi kakí kan tó fẹ̀yìn ti ahéré irinṣẹ́.
Tókújì aládùúgbò mi ń fín oògùn.
Ebè tiẹ̀ mọ́ tónítóní,
ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀.
Tèmi, kò séwé tí kò nihò.
Ìrẹ̀ ké lábẹ́ korobá títí ojú fi ń tì mí láti gbé e,
mo lọ ra korobá mìíràn.
Lámilámi pupa mẹ́rin, ọ̀pá tòmátì mẹ́rin,
kálukú lórí tiẹ̀ bí ìgbìmọ̀ abúlé.
Ìkarùn-ún dé, ìpàdé dàrú.

Yàkúmò ọmọ ọmọ mi a máa pè láti Tókíò lọ́jọ́ Àìkú.
Kì í béèrè bóyá orúnkún ṣì ń dùn mí.
"Màmá àgbà, kí ló pa jẹ lọ́sẹ̀ yìí?"
Mo kà á fún un: tata kan, eṣinṣin méjì, labalábá funfun kan.
Ọkọ ẹ̀ tó jẹ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mi ò kà á mọ́ ọn.
Ọmọ ọdún méje ni.

Àwọn àgbà wa ní ibi tí Onídòjé bá yé ẹyin sí,
òjò dídì ọdún náà ò ní bò ó.
Nítorí náà, lóṣù Kọkànlá, Èísákù ọkọ mi
á gbé rúlà káfíńtà, á wá àpò ẹyin náà kiri,
á wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀,
á fa ìlà sára ògiri ahéré, á kọ ọdún sí i.
Ìlà mọ́kànlélógójì.
Nígbà mìíràn òjò dídì gbà, nígbà mìíràn ó kọ̀.
Tókújì ní onímọ̀ kan sọ lórí rédíò pé irọ́ ni.
Ó ṣeé ṣe. Èísákù náà mọ̀.
Ó kàn fẹ́ràn kí ohun kan rán òun níṣẹ́ sínú ọgbà ni.

Ìlà kejìlélógójì, èmi ni mo fà á; ó wọ́.

Lọ́dún yìí mo wá igi kakí títí, n ò rí nǹkan.
Àná tí mo fẹ́ ti ahéré, mo gbójú sókè:
àpò ẹyin bí fóòmù gbígbẹ, kò ju àtàǹpàkò lọ,
lára ògiri gan-an, lókè gbogbo ìlà wa.
Ọwọ́ mi ò tó o.
Mo ké sí Tókújì. Ó wá, ó ń kùn,
ó di korobá mú kí n gùn ún,
ó ní irọ́ ni, irọ́ pátápátá,
àgbàlagbà bíi tèmi.
Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mélòó ni?"
Mo sọ fún un.

Láàárọ̀ yìí mo rí i tó ń ti ìlú bọ̀,
ṣọ́bìrì tuntun ló gbé léjìká.