Ìpè Tó Ṣáájú Oorun

Ní Ìjọ̀kà, n'Íléṣà, aago méjì òru,
iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Òwú mẹ́rin ni mo ta sínú ètò kọ̀ǹpútà yìí
kí wọ́n máa kọ èsì ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn
sínú ìwé kan ṣoṣo, tó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo.
Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ní ń kọ̀wé.
Àwọn yòókù ńkọ́?

Níbẹ̀rẹ̀, òṣómàáló ni mo fi wọ́n ṣe,
bíi bàbá mi àgbà, Fálúyì aláṣọ,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àfẹ̀mọ́júmọ́:
"Owó mi dà? Owó mi dà?"
Onígbèsè sanwó o,
ṣùgbọ́n orúnkún Bàbá ò bọ̀ sípò mọ́.
Àwọn òwú mi náà lóṣòó, wọ́n ń bèèrè
nígbà ẹgbẹ̀rún kí n tó ṣẹ́jú,
kọ̀ǹpútà gbóná bí ààrò,
bátìrì jò dànù lórí ìbéèrè.

Mo ní ó tó. Ẹ lọ sùn.
Ẹni tó bá parí ni yóò jí ẹnì kejì.
Fáànù inú ẹ̀rọ dákẹ́.

Ó di ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi.
Kò sí ariwo, kò sí àṣìṣe tó fara hàn.
Kọ́kọ́rọ́ wà nílẹ̀, òwú kẹrin ń sùn,
èsì ìyá kan ní Ìsọ̀kùn ò jáde.

Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.
Ẹni tó ń tẹ́ ẹní lọ́wọ́ ńkọ́?
Ibẹ̀ ni òwú kẹta ti pè é:
kò tíì sùn, ìpè ò rí oorun tí yóò já.
Ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń retí ohùn
tó ti kọjá.

Mo mọ irú rẹ̀.
Ìbídàpọ̀ àbúrò mi pè mí lẹ́ẹ̀kan,
mo ń wá ìṣáná nínú òkùnkùn;
kí n tó dé ìdí fóònù, ó ti pa á.
Mo ní yóò tún pè. Òun náà ní n ó pè.
Ọdún kan rèé, àwa méjèèjì ń sùn.

Mo tún un kọ:
di kọ́kọ́rọ́ mú, wo inú ìwé kí o tó tẹ́ ẹní;
ìṣẹ́jú tí o bá fi í sílẹ̀ gan-an ni kí o dijú,
kí ìpè má rí àlàfo já bọ́ sí.
Bí o bá sì jí, tún wò.
Ẹ̀fọn náà ń jí èèyàn.

Àkùkọ kan kọ lọ́nà Wẹ́sílì.
Bátìrì ku ìlà kan.
Mo ṣí fóònù, mo wá orúkọ rẹ̀.
Ó ń dún.
Ó ń dún.