Àgò Onílé Ìbíadé

Nínú yàrá kékeré lábẹ́ àtẹ̀gùn, ní Ìjẹ̀bú-Òde,
níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń sunkún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì,
mo jókòó ti iná wẹ́wẹ́ mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà,
ẹ̀ka báńkì wa mẹ́rin, wọ́n tutù bí ewé ẹ̀gẹ́.
Ìṣẹ́jú kan kì í kọjá kí n má ránṣẹ́ kí wọn:
Àgò onílé Odògbolú! Àgò yà.
Àgò onílé Àgọ́-Ìwòyè! Àgò yà.
Ìjẹ̀bú-Igbó a máa pẹ́ kó tó dáhùn,
bí àgbàlagbà tó kọ́kọ́ ń wá bàtà.
Àgò onílé Ìbíadé!
Àgò o, onílé Ìbíadé!

Iná pupa.

Mo mọ nọ́ńbà gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ilé náà,
mo mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣí wọn,
n kò mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀.
Mo tẹ Bàbá Odùkálẹ̀ láago, ọlọ́dẹ ibẹ̀.
“Ẹ jọ̀ọ́ sà, àpótí dúdú ara ògiri yẹn,
iná mélòó ló ń ṣẹ́jú lára rẹ̀?”
“Kò sí èyí tó ń ṣẹ́jú, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kó sùn.”
“Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ wáyà rẹ̀?”
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí nǹkan ń kán lẹ́yìn ohùn rẹ̀,
tó, tó, tó,
mo ṣebí ìlà fóònù ló ń ṣe wérewère.
Mo pariwo mọ́ ọn.
Mo kọ̀wé sí ọ̀gá pé ọlọ́dẹ Ìbíadé
ń fọwọ́ kan ohun tí kò yé e.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù kan náà ni iná yẹn pupa,
tí àwọn arúgbó tó wá gbowó ìfẹ̀yìntì ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì,
tí Fẹ́yìntọlá ń kọ orúkọ wọn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, mo wọkọ̀,
mo la igbó ọba kọjá,
níbi tí fóònù tèmi alára ti di òkúta lọ́wọ́ mi.

Àwọ̀ ewé ni ilẹ̀kùn náà.

Mo rí rúta wa lára ògiri:
ẹnìkan ti ká páànù dé e lórí bí àkẹtẹ̀.
Abọ́ ńlá kan wà nílẹ̀, òrùlé ń kán sí i,
tó, tó, tó.
“Èyí tó ṣíwájú rẹ̀, àrá ló jó o,” ni Bàbá wí.
“Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé òkú rẹ̀ lọ.
Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, mo máa ń yọ ọ́.
Tó bá dá, màá tún un fi.”
Kò dárúkọ ìwé tí mo kọ.
Ó fi etí aṣọ nu eruku ojú àpótí náà
bí ẹni ń nu imú ọmọ.
Mo bèèrè owó páànù tuntun. Ọ̀gá ní ó di ọdún tó ń bọ̀.
Òrùlé náà ṣì ń jò.

Nísinsìnyí, bí Ìbíadé bá pupa lójú mi lọ́sàn-án,
n kì í pe ẹnikẹ́ni.
Màá yọrí lójú fèrèsé sí alágbàfọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa:
“Ìyá Táyélolú, ẹ kó aṣọ!”
Á wòkè. Oòrùn ń ràn yòò. Á rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n á kó o.
Nígbà tí òjò bá fi máa dé orí páànù tiwa,
Ìbíadé á ti padà sí àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀.
Àgò yà.