Òjé

Ẹgbà òjé méjì ni Efúnyẹlá, ìyá àgbà mi,
wọ̀ sọ́wọ́ lọ sí sàréè.
Wọ́n wúwo, wọ́n tutù. Bí ibà bá ń ṣe mí,
tó gbé ọwọ́ lé iwájú mi,
n ó rò pé odò ló wá bá mi sùn.
"Ohun òrìṣà ni," á wí, "ohun tí kì í bínú."

Èmi ni mo wá sọ ọ́ di èéfín.

Oko obì ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀,
ní abúlé wa, Ṣóbándé, lọ́nà Ṣàgámù.
Àwọn oníṣòwò a ti Sábó wá tàwọn ti agbọ̀n,
bàbá mi a jókòó sórí àpótí, a máa kà á lójú wọn,
ogún, ogún, ogún,
bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ wọlé lálẹ́.

Lọ́dún tí mo gbéyàwó ni wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀.
Baálẹ̀ gba àpò ìrẹsì mẹ́fà àti ìlérí iṣẹ́.
Iṣẹ́ sì dé. Kò sẹ́ni tó purọ́ nípa ìyẹn.

Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú
la fi àdá là bí ẹni la àgbọn.
Omi inú rẹ̀, a dà á sí gọ́tà,
gọ́tà gbé e fún odò Ìṣẹ́rẹ́,
Ìṣẹ́rẹ́ ò béèrè ẹni tó rán an.
Egungun rẹ̀ la kó sínú ìléru.

Lóru la máa ń tú èéfín sílẹ̀,
torí ọ̀sán ní ojú.
Ó dùn lẹ́nu, ẹ ò ní gbà mí gbọ́:
adùn kọ́bọ̀ àtijọ́ tí ọmọdé fi sábẹ́ ahọ́n.
Baba tó bá lọ síṣẹ́ a mú nǹkan bọ̀ fún ará ilé;
eruku ni mo mú bọ̀,
nínú irun, nínú etí,
nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó mi ń fọwọ́ fọ̀
tòun toyún.

Adìẹ ló kọ́kọ́ kú. A jẹ ẹ́.
Ewé obì ń dúdú bí ìdí ìkòkò.
Àwọn ará Sábó ò bá wa jà,
wọ́n kàn ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá ni.

Abọ́sẹ̀dé pé ọmọ ọdún méje.
Bàbá mi kó obì síwájú rẹ̀ pé kó kà á.
Ó ka ọ̀kànlá, ó dúró,
ó ń wò mí bí ilé tí wọ́n pa àtùpà inú rẹ̀.
Olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni.
Mo nà án.
Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé: mo nà án.

Lọ́jọ́ kan wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mọ́kànlélógójì
lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.
Nígbà tí ìwé dé, nọ́ọ̀sì Ọdúmúyìwá ò jókòó.
Ó ní, "Òjé ni."
Mo ní, "Òjé wo?"
Ó ní, "Èyí tí kì í ṣeé bọ́."

Wọ́n ti géètì, wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ọn
fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Lóru ọjọ́ kẹwàá mo gbọ́ tí ìléru mí.
Ṣónúgà, ará ilé kejì, wọ bàtà rọ́bà rẹ̀,
kò wojú mi bó ti ń kọjá.
Owó ilé-ìwé ọmọ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti wọ bàtà yẹn.

Ìyá àgbà, ọwọ́ lẹ fi wọ tiyín.
Ẹ sọ fún mi, ibo lẹ ti ń bọ́ ọ bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀?

Lálẹ́ àná, Abọ́sẹ̀dé tún ń ka obì lórí ẹní:
ẹ̀sán, ẹ̀wá, ọ̀kànlá.
Mo fi eyín di ahọ́n mú
kí n má baà bá a sọ ọ́.