Ẹni Tó Ń Fa Ìlà ní Gálẹ̀

Èmi Wimalaratne, iṣẹ́ mi kò ní ariwo:
garawa ẹfun, búrọ́ọ̀ṣì, okùn tín-ínrín tí mo fi ń tọ́ ọ,
ìlà funfun kan níwájú igi mẹ́ta.
Ẹni tó bá fẹ́ ta bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì,
kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kọjá rẹ̀.
Gbogbo òfin tí mo mọ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí òkun dìde kúrò láyè rẹ̀,
ó gbé bọ́ọ̀sì wọ orí pápá, ó gbé ẹja sórí àga àwọn ọlọ́lá,
ó sì pa ìlà mi rẹ́.
Mi ò bá òkun jà. Òkun kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Nígbà tí koríko tún hù, mo kúnlẹ̀, mo tún un fà.

Ọdún náà ni wọ́n bí Dilruk.
Somawathi ìyá rẹ̀ ń lu èèpo àgbọn létí ọ̀sà,
ó ń lọ́ ọ di okùn
títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi rí bí èèpo náà gan-an.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí mo fi igi fa ìlà sórí iyanrìn fún un;
ẹsẹ̀ lásán, eré bíi ti ọmọ ewúrẹ́ tí òjò ń lé.
Mo ní, "Ojú rẹ ni kó máa wo igi,
àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ni kó máa rí ìlà."
Ọdún méjì gbáko, kò tẹ̀ ẹ́ kọjá rí.

Lánàá, ọwọ́ kọkànlá, bọ́ọ̀lù kẹta.
Mo ń mu tíì lábẹ́ òjìji ògiri.
Mo rí i tó ń sáré bọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀.
Kì í ṣe ìka kan, kì í ṣe méjì:
odidi bàtà, àti àyè tí ológbò lè sùn sí
láàárín bàtà àti ìlà.
Adájọ́ na apá. Èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ooru ló mú un.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún okùn bàtà so tí kò tú,
kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ní yàrá kan ní Ṣájà, ẹnì kan pa fóònù rẹ̀ dé.
Àbẹ̀tẹ́lẹ̀: ohun tí a ti bẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Ẹsẹ̀ náà ti gbéra láti alẹ́ ìjẹta, ní òtẹ́ẹ̀lì,
nígbà tí àlejò kan bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀,
tó sì gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì.

Wọ́n ta tẹ́tẹ́. Ọmọ wa ta bọ́ọ̀lù.
Ẹ gbọ́ bí ó ti rọrùn tó lẹ́nu,
kí ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù
ta bọ́ọ̀lù.

Alẹ́ ni wọ́n mú un lọ.
Somawathi wá bá mi ní ìdájí. Kò bi mí bóyá òótọ́ ni.
Ó ní, "Báwo ló ṣe jìn tó?"
Mo fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n fún un nínú afẹ́fẹ́,
mo sì dín in kù.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án,
ọkùnrin kan gbé ìgò áràkì kan fún mi;
ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ yóò ti gbẹ
kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹrin.
Mo sọ fún un. Ṣebí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oòrùn ni.
Ọtí náà dùn. Mi ò béèrè ta ló rán an.
Mi ò mọ ìka mélòó nìyẹn.

Nísinsìnyí mo wà lórí eékún. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀,
irin abẹ́ bàtà gbẹ́ ihò mẹ́jọ.
Iṣẹ́ mi ni kí n fi amọ̀ dí wọn, kí n lù wọ́n pẹrẹsẹ
kí àwọn èrò tó dé.
Mo ti dí méje.
Ẹfun ń gbẹ lára búrọ́ọ̀ṣì.
Òkun ń mí lẹ́yìn odi.