Orúkọ Lórí Igi Àjà

Ní Haapsalu, létí òkun tó ń dì bí gíláàsì,
ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leida Kaljuste
kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ayùn.
Àkàsọ̀ ni wọ́n ń gbé fún un.
"Gùn ún. Fi ìka kọ orúkọ rẹ sórí igi àjà."

Mo gùn ún. Mo kọ ọ́: TAAVET,
lẹ́tà mẹ́fà, ó hàn kedere.
Mo rò pé ó fẹ́ mọ orúkọ mi ni.
"Ó hàn?"
"Ó hàn, ìyá."
"Òkú ni ọ́ nígbà náà. Sọ̀ kalẹ̀, wá gba aṣọ tútù."

Wò ó, ọmọ,
ìtì igi kì í kánjú.
Ju ìtì oaku sínú ààrò, yóò kọ́kọ́ sunkún,
yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó bóyá kí òun jó.
O lè jẹun tán kó tó gbà.
Ṣùgbọ́n lọ igi yẹn kúnná,
lọ̀ ọ́ títí yóò fi fúyẹ́ ju ìyẹ̀fun lọ,
gbọ̀n ọ́n sáfẹ́fẹ́,
kò sí ìrònú mọ́.
Gbogbo rẹ̀ ló ń jó lẹ́ẹ̀kan náà.

Àbúrò mi Heino, ìṣó kan ló pa á,
ìṣó tó fara pamọ́ sínú pákó ọkọ̀ ojú omi àtijọ́.
Ayùn bá a pàdé, ìpẹ́pẹ́ iná ta,
páìpù fà á mì pẹ̀lú eruku,
ó gbé e lọ sínú àpò ńlá ẹ̀yìnkùlé.
Ariwo àkọ́kọ́ kò ju ti ẹni tó fìbínú pa ilẹ̀kùn dé.
Heino tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Àmọ́ ilé mì, igi àjà gbọn aṣọ rẹ̀,
eruku ọdún mọ́kànlá já wálẹ̀,
iná sì ti dúró dè é.
Ariwo kejì, èmi ò gbọ́ ọ.
Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní erékùṣù òdìkejì.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Àwa fi eruku sórí òrùlé,
a sùn, a han-un,
ọdún mọ́kànlá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, láìgbójú sókè
lára pákó tó ń fi irin òòfà wá ìṣó.

Ọdún mẹ́rin rèé.
Fífà là ń fa eruku níbí, a kì í fẹ́ ẹ.
Okùn bàbà kan so páìpù mọ́lẹ̀,
kí mànàmáná kékeré inú rẹ̀ lè rọra wọlẹ̀ lọ,
kó má wá ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀.
Àkísà tó mu òróró, inú agolo onídèérí ló ń sùn, nínú omi,
nítorí ó lè gbóná fúnra rẹ̀ lóru
bí ẹni tó di kùnrùngbùn sínú.
Níjọ́ tí ajórin wá tún ilẹ̀kùn ṣe,
Leida lé e jáde sínú yìnyín, tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀.
Ọkùnrin náà ṣépè. Leida gbé tíì fún un.
Lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí òkun dídì,
èmi wà lókè àkàsọ̀, apá ń ro mí, mò ń kùn.

Lánàá, ọmọdébìnrin kan dé, Triinu,
ó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan àga.
Leida kò lè gbé àkàsọ̀ mọ́. Èmi ni mo gbé e.
Triinu gùn ún, ó na ìka, ó kọ ọ́,
ó tún un kọ, ó wo ìka rẹ̀.
"Kò hàn," ló wí, bí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Leida yíjú sí fèrèsé.
Mo rí i tó fi ìka tirẹ̀ kọ nǹkan
sára ooru tó bo gíláàsì, lẹ́tà márùn-ún,
ó sì nù ún kíá.