Málọmọ́

Àwọn tó ń wa yanrìn ló fà á jáde nínú ọ̀sà, lẹ́yìn afárá Ìjọ́rà.
Wọ́n ṣèbí òkú màlúù ni.
Ìkarawun ìṣáwùrú lẹ̀ mọ́ ọn lára,
akàn kan sì sá jáde níbi tí iná ń gbà wọlé nígbà kan.
Oníirin-jákujàku ti gbé òṣùwọ̀n dé.
Bàbá àgbà mi, Ṣówándé, fítà rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
fi àtàńpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀,
ó ka sílíńdà, ọ̀kan, èjì, títí dé ẹ̀sán,
tí wọ́n tò yíká bí ọmọ tó ń jẹun nínú àwo kan ṣoṣo.
Owó tó fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ló san.

Ọdún kọkànlá rèé tí òrùlé wa ń jò ní Èbúté Mẹ́ta.

Èmi ni mo ń di àtùpà mú.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín la fi fọ ẹnu fáàfù;
ìyẹ́ adìẹ la fi ti epo sí ihò tí ìka ò lè wọ̀.
Nọ́ọ̀tì kan kọ̀ jálẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.
Bàbá ò lù ú. Ó ní,
"Ohun tó ti dákẹ́ lábẹ́ omi fún ogójì ọdún,
ẹ má fi òòlù kí i."
Epo gbígbóná ló ń kán sí i lálaalẹ́, bí ẹni ń jó ojú egbò,
títí ó fi yí wẹ́rẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan,
tí ọkùnrin tí ò sunkún níbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀
jókòó sórí gálọ́ọ̀nù, tó bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn ìdérí kan, níbi tí ojú kì í dé,
ẹnìkan ti fi ìṣó ha lẹ́tà méjì: J àti T.
Bàbá fi ìka tọ̀ wọ́n lọ, ó fi tọ̀ wọ́n bọ̀.
"Ẹni yìí náà," ló wí, "ó lẹ́ni tó ń bá a di àtùpà mú."

Ìyá àgbà kì í dé ọ̀dọ̀ wa.
Ẹnu ọ̀nà ìdáná ló ti ń sọ tiẹ̀:
"Irin ogun! Irin tó gbé Dékúnlé àbúrò mi lọ sí Bọ́mà
tí ò gbé e bọ̀, òun lẹ ń fi ọṣẹ wẹ̀ bí ìkókó?"
"Ọkọ̀ ojú omi ló gbé Dékúnlé lọ, Àṣàkẹ́."
"Irin kọ́ ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ojú omi?"
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá ò fọwọ́ kan sípánà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló jí, ẹ̀ẹ̀mejì ló kú.
Á húkọ́, á tu èéfín, á dákẹ́.
Lẹ́yìn ìkejì ni Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sára férémù rẹ̀,
orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú ọ̀nà ọ̀run:
Málọmọ́.

Àárọ̀ ọyẹ́, ọjọ́ Sátidé. Kò síná títí dé Òyìngbò.
Bàbá ní kí n bọ́ bàtà. Mi ò bi í léèrè.
Ó fà á.
Ìkíní dáhùn. Ìkẹta. Ìkarùn-ún,
wọ́n ń fo ara wọn bí ọmọdé tó ń fò lórí òkúta odò,
kí gbogbo wọn tó sọ̀rọ̀ pọ̀.
Aṣọ funfun tí wọ́n sá nílé kejì di dúdú.
Adìẹ Ìyá Múnírà fi ẹyin sílẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta kó tó padà.
Ilẹ̀ gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé, ó gùn mí dé eyín.
Ìṣẹ́jú méjì, ó lé díẹ̀.
Ó kú.

Ìgbà náà ni mo rí Ìyá àgbà láàárín wa,
orógùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀.
"Ṣé ohun tí Dékúnlé ń gbọ́ lókè orí rẹ̀ nìyẹn?"
Kò sẹ́ni tó fèsì.
"Ẹ tún un dún."

Bàbá ti ń tú pulọ́ọ̀gì keje.
Ó ní ó ń tu epo. Ó ní inú rẹ̀ ṣókùnkùn,
kí n gbé àtùpà súnmọ́.